Kí A Lọ Sórí Ọ̀sà, Ṣùgbọ́n Kí A Kọ́kọ́ Mọ Ẹni Tí Yóò Ní Kí A Padà

   Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi gbé kálàmù nípa àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Àbá kan ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí ètò àjọ̀dún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dá a lábàá pé kí a mú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà lọ sí ìrìnàjò orí omi fún ọjọ́ méjì àti alẹ́ kan. Wọn yóò wọ ọkọ̀ lórí odò Ògùn lẹ́yìn Owódé Onírin, wọn yóò gba Agboyì já sí ọ̀sà, wọn yóò tẹ̀ lé etí ọ̀sà kọjá Ìkòròdú àti Ìjẹ̀dẹ́ títí dé Ẹ̀pẹ́, wọn yóò sùn, wọn yóò sì padà ní ọjọ́ kejì. Àwọn òbí kan gbọ́, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú àwọn rí i. Àwọn ọ̀rẹ́ wa mìíràn ní ìgboyà ni ọmọ nílò, kí a ṣáà gbàdúrà kí a sì máa lọ. Èmi kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ méjèèjì. Èrò mi ni pé kí a lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, kí a ti yan ẹnì kan tí ó ní àṣẹ láti sọ pé a kò lọ mọ́, tàbí pé a ó padà láti agbedeméjì ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a jiyàn. Ètò tí kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ti di ẹ̀jẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọmọ ọlọ́mọ jẹ́jẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn pé kí a lọ. Omi ni ó yí wa ká. Odò Ògùn ṣàn wá láti agbègbè Ṣakí, ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta, ó sì gba ẹ̀yìn Owódé Onírin kọjá kí ó tó dé ọ̀sà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Kẹ́tu, ní Máìlì 12, ní Ìkòsí àti ní Agílítì? Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òjò bá pọ̀ lókè ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, tí wọ́n sì ní láti tú omi sílẹ̀ láti inú dáàmù Ọ̀yán, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983, odò náà a kún bo bèbè rẹ̀, a sì wọ ilé onílé. Ní 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ọmọ tí kò bá odò pàdé rí àfi ní ọjọ́ tí ó wọ yàrá rẹ̀ yóò kọ́ láti bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ ọ́n. Kò ní mọ ìgbà tí ó ń kún àti ìgbà tí ó ń fà, kò ní mọ ibi tí ó jìn àti ibi tí ó ti di ẹrẹ̀, kò sì ní mọ bí a ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀ tí ó ń mì. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n nìkan ni ó lè gbé e jáde nílé, àìmọ̀ yẹn lè pa á.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ Agboyì. Ní àwọn abúlé tí omi yí ká níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ̀ ilé-ìwé. Ohun tí àwa ń pè ní ìrìnàjò àjọ̀dún ni wọ́n ń ṣe ní àràárọ̀ kí agogo tó lù, púpọ̀ nínú wọn láìwọ ohunkóhun tí yóò gbé wọn léfòó bí ọkọ̀ bá dànù. Òbí tí ó bá ń sọ pé ọmọ Kristẹni kò ní nǹkan í ṣe lórí omi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò rí àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí ìjọ Ọlọ́run. Nínú lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú, ó ròyìn ọjọ́ tí wọ́n mú un dé etí omi tí wọn yóò gbà lọ sí Èkó. Ọmọ ilẹ̀ pápá ni, kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á dé ibi pé gbígbé ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì fi í sí àárín àwọn àpò àgbàdo. Ọ̀sà wa yìí ni omi náà. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kan náà ni ó gun odò Ọya ní 1841, ní 1854 àti ní 1857, tí wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bákan náà, kí ọkọ̀ ojú irin tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn ní 1901, orí odò Ògùn ni ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì gbà lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí David àti Anna Hinderer ń lọ láti Èkó ní 1853 láti lọ dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní Ìbàdàn, inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n wà lórí odò yìí. Ìrìnàjò ọjọ́ mélòó kan ni, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, wọn a gúnlẹ̀ sí bèbè odò.

Ìrìnàjò méjì àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí Crowther bá wọn lọ sórí odò Ọya ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa fara balẹ̀ wò. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta tí ń fi èéfín rìn, Albert, Wilberforce àti Soudan, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán lọ. Owó wà, àdúrà wà, àwọn ènìyàn ńlá sì wà lẹ́yìn wọn. Láàrin oṣù díẹ̀, ibà ti pa òyìnbó tí ó lé ní 30 nínú wọn, àwọn tí ó kù sì ní láti padà. Ní 1854, ọkọ̀ kan ṣoṣo, Pleiad, ni Dókítà William Baikie kó lọ sórí odò kan náà. Ó mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kúnìnì kí ibà tó dé, kò dúró kí ó dé kí ó tó wá oògùn. Wọ́n lọ jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibà kò sì pa ẹnì kankan nínú àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni, Crowther kan náà ni ó wà nínú ọkọ̀. Ètò ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ètò. Àkókò ni ó ṣáájú. Kò sí ìdí kankan tí ó yẹ kí ó mú wa kó ọmọ sórí odò Ògùn ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí omi òkè ń ya wá. Láti oṣù kẹta lọ, ìjì òjò àkọ́rọ̀ a máa jà lójijì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a sì máa ṣáájú òjò. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru lè bo ojú ọ̀sà lówùúrọ̀ títí tí atukọ̀ kò fi ní rí ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Bí a bá yọ gbogbo èyí kúrò, ohun tí ó kù fún wa ni ìparí oṣù kìn-ín-ní títí dé ìparí oṣù kejì, kí a sì má tu ọkọ̀ kí oòrùn tó là dáadáa. Bí ọjọ́ àjọ̀dún bá bọ́ sí oṣù mìíràn, kí a ṣe àjọ̀dún ní ọjọ́ rẹ̀, kí a sì lọ sórí omi ní àkókò tí omi gbà wá. Odò kò mọ ọjọ́ ìbí ilé-ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn àkókò, kí a mọ omi náà fúnra rẹ̀. Ọ̀sà Èkó gùn ju 50 kìlómítà lọ, ó sì fẹ̀ láti kìlómítà 3 dé 13. Ẹ fi wé adágún Gálílì tí odò Jọ́dánì ń ṣàn wọ̀, tí kò ju bíi kìlómítà 21 ní gígùn àti 13 ní ibi tí ó fẹ̀ jù. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ìjì ṣe lórí adágún yẹn lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ẹja pípa ti sọ di ọmọ omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan àwọn òbí pé ọ̀sà kì í ṣe òkun. Òótọ́ ni pé kò jìn; ní ibi púpọ̀ omi rẹ̀ kò ju mítà 3 lọ. Ṣùgbọ́n omi tí kò jìn ni afẹ́fẹ́ tètè ń rú, ìgbì rẹ̀ a máa tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, wọn a sì máa lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láìsinmi. Mítà méjì péré sì ti tó láti bo ọmọ tí ó ga jù ní kíláàsì.

Ojú ọ̀nà náà kò ṣófo. Láti 1984 ni ewéko aláwọ̀ elésè-àlùkò tí àwọn kan ń pè ní gbéborùn ti wọ omi wa láti ìhà Bẹ̀nẹ̀. Ó yàtọ̀ sí òjúoró tí àwọn baba wa mọ̀, nítorí òun a máa ṣù pọ̀ di ilẹ̀ lórí omi, a sì máa lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kú. Àwọn apẹja gún igi sínú ọ̀sà, wọ́n sì na àwọ̀n sí ibi tí ojú àlejò kò lè rí. Àwọn tí ń wa iyanrìn fi kòtò sílẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Gẹdú tí wọ́n dì pọ̀ láti òkè wá ń gba ojú ọ̀sà kan náà, èyí tí ó bá já kúrò lára wọn a sì máa léfòó díẹ̀ lábẹ́ omi bí ẹni tí ó lúgọ. Gbogbo èyí ni atukọ̀ tí ó mọ ọ̀nà yóò yà fún. Nítorí náà, kí ọmọ kankan tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀, kí àwọn àgbàlagbà ìgbìmọ̀ ti lọ, kí wọ́n sì ti bọ̀ lójú ọ̀nà náà gan-an, pẹ̀lú atukọ̀ náà gan-an, kí wọ́n kọ wákàtí tí ó gbà láti èbúté kan dé òmíràn sílẹ̀: láti Owódé Onírin dé Ìpákodò, láti Ìpákodò dé Ìjẹ̀dẹ́ níbi tí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbin wà, láti ibẹ̀ dé Èjìnrìn tí ó jẹ́ ọjà ńlá nígbà ayé àwọn baba wa, àti láti Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́. Èbúté kọ̀ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ibi tí a ti lè sọ pé ó tó báyìí.

Nípa ọkọ̀, ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Kí ọkọ̀ jẹ́ méjì, kí èkíní lè gba èkejì sílẹ̀. Kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì méjì àti àjẹ̀. Kí a pín epo sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, ìdá kẹta fún ohun tí a kò rò. Kí iye ènìyàn inú ọkọ̀ dín sí iye tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. Kí gbogbo ènìyàn wọ jákẹ́ẹ̀tì tí ń gbéni léfòó, kí a so ó, kí ó bá ara ọmọ mu. Èyí tí ó wà lábẹ́ ìjókòó kò wúlò fún ẹni tí ó ti wà nínú omi. Ìkú gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù, Junior Pope Odonwodo, lórí odò ní Ìpínlẹ̀ Anámbra ní oṣù kẹrin 2024 kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀kọ́ náà: kò wọ ọ̀kankan. Kí àwọn ọmọ tí yóò lọ lo sáà kan nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣáájú, kí a jù wọ́n sínú rẹ̀ tàwọn ti jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè mọ̀ pé yóò gbé wọn. Kí a gba àṣẹ lọ́dọ̀ LASWA, àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 fún ojú omi, kí a sì sọ fún NIWA ti ìjọba àpapọ̀. Kí ẹnì kan jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo ọmọ àti wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n dé èbúté kọ̀ọ̀kan. Bí wákàtí bá kọjá tí kò gbọ́ nǹkan, kí ó pe 767 tàbí 112 láìdúró de ìpàdé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ni ó fa àríyànjiyàn jù lọ. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí àwọn ọmọ sun inú ọkọ̀ lójú ọ̀sà, kí wọ́n lè rí ìràwọ̀. Èmi kò gbà. Ìjọba Èkó ti fòfin de kí ọkọ̀ akérò máa rìn lórí omi lálẹ́, òfin náà sì dára. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ kan tí ó kún fún àwọn tí ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Egboti dojú dé lórí odò Ọya lóru, àwọn tí ó kú lé ní 100. Agbègbè Pátígí ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ayẹyẹ ni wọ́n lọ ṣe, bí àwa náà ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ. Bí ọkọ̀ bá dànù lọ́sàn-án, àwọn apẹja yóò rí i. Bí ó bá dànù lóru, ta ni yóò ka orí àwọn ọmọ nínú òkùnkùn?

Kí wọ́n sun Ẹ̀pẹ́, lórí ilẹ̀. Kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kí a ti gba gbọ̀ngàn ilé-ìwé tàbí ti ìjọ sílẹ̀ fún wọn, ti ọmọkùnrin lọ́tọ̀, ti ọmọbìnrin lọ́tọ̀, pẹ̀lú olùkọ́ ọkùnrin àti obìnrin tí yóò máa ṣọ́ wọn ní ìṣọ́-ìṣọ́. Kí àpò ìsùn kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí ibà tí ó pa àwọn ènìyàn 1841 kò tíì fi ilẹ̀ wa sílẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó sí èbúté Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọn yóò rí ìràwọ̀ wọn, wọn yóò sì rí iná àwọn apẹja lójú ọ̀sà. Kí olùkọ́ ìtàn sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìlú yìí ni Ọba Kòsọ́kọ́ gbà lọ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò ní Èkó ní 1851, tí ó sì jókòó sí títí di 1862. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá gbọ́ ní ibi tí ohun náà ti ṣẹlẹ̀ kì í tètè kúrò lórí.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ni owó lè rà, ṣùgbọ́n owó kan náà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ padà ka orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Àkókò tí ó dára láti rìn lórí omi ti kọjá. Pọ́ọ̀lù, ẹlẹ́wọ̀n tí a dè, sọ fún wọn pé kí wọ́n má lọ. Ọ̀gágun fetí sí atukọ̀ àti ẹni tí ó ni ọkọ̀ jù ú lọ. Èbúté tí wọ́n wà kò sì tù wọ́n lára láti lo ìgbà òtútù, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn dìbò pé kí wọ́n máa lọ. Atẹ́gùn kékeré kan tún fẹ́ láti gúúsù, wọ́n sì rò pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe parí: 276 ènìyàn ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run nìkan ni ó jẹ́ kí gbogbo wọn dé ilẹ̀, ọkọ̀ àti ẹrù sì ṣègbé.

Kí ni ó mú wọn lọ? Ẹni tí ó ni ọkọ̀ fẹ́ owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sú. Ojú ọjọ́ sì dára fún wákàtí díẹ̀. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí náà ni yóò dúró dè wá ní èbúté lẹ́yìn Owódé Onírin ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ yóò ti wọ aṣọ àjọ̀dún, àwọn òbí yóò ti gbé oúnjẹ wá, ayàwòrán yóò ti dúró, ẹni tí ó fi owó tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ yóò ti jókòó sórí àga. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí olùkọ́ kan yóò sì wo ojú sánmà, tí kò ní lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nítorí àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀. Àṣà wa dára. Ọmọdé kì í já àgbà nírọ́ láwùjọ. Ṣùgbọ́n omi kò mọ àgbà yàtọ̀, ìgbà tí a bá sì ti wà lójú agbami ni a máa mọ̀ pé ọ̀wọ̀ kò lè gbé ọkọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí a yan ẹni náà nísinsin yìí, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó jẹ́ ẹni tí ó mọ omi, tí kì í ṣe ẹni tí ó ni ọkọ̀, tí kì í sì í ṣe ẹni tí ó kó owó jọ. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, alága ẹgbẹ́ wa, àti èmi àlùfáà tí ń kọ ìwé yìí, fọwọ́ sí i pé a kò ní fagi lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí a kọ àwọn àmì tí yóò mú un dá wa dúró sílẹ̀, kí gbogbo òbí sì rí wọn: bí kùrukùru bá wà, bí ìgbì bá ń fọ́n wọ inú ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnnì kan bá kọ iṣẹ́, bí jákẹ́ẹ̀tì kò bá kárí, bí a bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ ní èbúté kankan. Kí a sì san owó ọlọ́kọ̀ ní kíkún, bí a lọ bí a kò lọ. Ẹni tí yóò pàdánù owó rẹ̀ bí ìrìnàjò bá já kò lè sọ òtítọ́ fún wa nípa ojú ọjọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ebi dán an wò.

Kí bọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú máa bá wọn lọ lórí ilẹ̀, ní ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòkín sí Ẹ̀pẹ́, kí ó máa yà sí ibi tí ó sún mọ́ èbúté kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí a yàn bá ní ó tó, àwọn ọmọ yóò bọ́ sílẹ̀, wọn yóò wọ bọ́ọ̀sì, wọn yóò sì sun Ẹ̀pẹ́ bí a ti ṣètò rẹ̀. Ohun tí ó máa ń mú kí ènìyàn takú sórí omi ni pé kò rí ibòmíràn tí yóò gbà. Bí a bá ti ṣí ọ̀nà míràn sílẹ̀, pípadà kò ní dà bí ìtìjú mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ètò tí ó pọ̀ tó báyìí ń fi hàn pé a kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Mo dá wọn lóhùn láti inú orí kan náà. Áńgẹ́lì ti sọ fún Pọ́ọ̀lù pé ẹ̀mí kankan kò ní ṣòfò nínú ọkọ̀ náà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ fi ọgbọ́n sá lọ, òun náà ni ó kìlọ̀ fún ọ̀gágun pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró, àwọn yòókù kò lè là. Ó sì rọ gbogbo wọn pé kí wọ́n jẹun kí agbára wọn má bàa tán. Ẹni tí ó ní ìlérí Ọlọ́run lọ́wọ́ ṣì ń ka iye atukọ̀, ó sì ń bi àwọn ènìyàn bí wọ́n ti jẹun. Àwa tí a kò rí áńgẹ́lì kankan ni ó yẹ kí a túbọ̀ kà wọ́n.

Àwọn òbí pẹ̀lú ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ bóyá ìrìnàjò náà léwu, nítorí ìdáhùn rẹ̀ rọrùn: gbogbo omi léwu. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò dá a dúró. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti san owó ọlọ́kọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì ọmọ yín wá kí ẹ rí i lára rẹ̀. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn tààrà, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní kí ẹ má dààmú, ẹ mú ọmọ yín lọ sílé.

Àbá kan ṣoṣo ni ó kù tí mo fẹ́ fi kún ti ìgbìmọ̀. Owó jákẹ́ẹ̀tì ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tí a ó rà, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n jẹrà sínú yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kí a kó wọn fún àwọn ilé-ìwé tí àwọn ọmọ Agboyì ń gba orí omi lọ, kí ọmọ wọ̀ ọ́ lọ, kí ó sì wọ̀ ọ́ bọ̀ ní ojoojúmọ́. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ pé ojú ọjọ́ burú, tí ẹni tí a yàn ní a kò lọ mọ́, àjọ̀dún wa yóò ti ṣe ohun kan tí ó dára lórí omi yìí.

Kí Olúwa tí ó bá ìjì wí kí ó dákẹ́ máa pa gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́, lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Kí ó sì fún àwa àgbà ní ọgbọ́n láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a tu ọkọ̀, àti ìgboyà láti so ó mọ́ èbúté nígbà tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ kí a lọ. Àmín.